Ìdajì Àjà Tó Kù Lókè

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, eruku rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé ká tó rí ẹni tó fẹ́ rò ó. Tísà ni. Orí rẹ̀ funfun bí ẹni tó ki orí bọ àpò ìyẹ̀fun. Kafíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Máfòyà tẹ̀ lé e. Òun mọ́ tónítóní.

"Kábíyèsí, àjà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ mi ni mo ní kó bá mi tú. Mo sọ fún un pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́: kó pa iná, kó fi ọ̀rá bo ẹrù, kó wọ́n omi sí àjà, kó sì rọra máa tú u. Kábíyèsí, òòlù ló gbé! Ìdajì wó lulẹ̀ gbì, ìdajì tó kù rọ̀ dirodiro. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìyàwó mi bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò ní padà sábẹ́ nǹkan yẹn láé."

"Máfòyà, ṣé o pa iná?"

"Kábíyèsí, tí mo bá pa iná, kí ni rédíò mi fẹ́ fi sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rá ńkọ́?"

"Mo lò ó. Wọ́n ní kí n bo ohun tó bá níye lórí. Mo wo pálọ̀ yíká, mi ò rí nǹkan kan. Mo bá bo ara mi."

Tísà fò dìde. "Àga mi ńkọ́?"

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àga yẹn níwájú ọba."

Ọ̀tún dá sí i. "Omi tí wọ́n gbé fún ẹ?"

"Àjà ni mo wọ́n gbogbo rẹ̀ sí, bàbá."

Aránṣọ tó ń gbé lódìkejì ilé Tísà nawọ́. "Irọ́! Mo wà lójú fèrèsé. Mímu ló mu ún."

"Odidi garawa?"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, bàbá."

Ìyàwó Máfòyà, tó wá gbèjà ọkọ rẹ̀, ò lè mú un mọ́ra. "Ẹ má bà á lórúkọ jẹ́! Ọkọ mi kì í ṣe ràkúnmí. Ó fi wẹ̀ ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán? Èmi ni mo gbé ọṣẹ fún un!"

Máfòyà kọjú sí i. "Ṣé gbígbà lo wá gbà mí ni, àbí pípa?"

Kábíyèsí wúkọ́ díẹ̀. "Ìdajì tó kù lókè yẹn, ṣé kò léwu?"

"Ewu kẹ̀? Iṣẹ́ ti parí, Kábíyèsí. Ọmọ ìkókó lè sùn sábẹ́ ẹ̀. Ojo ló ń ṣe Tísà. Mo fi orí mi búra!"

"Orí yẹn náà la fẹ́ lò. Láti alẹ́ òní, abẹ́ ìdajì àjà yẹn gan-an lo ó máa tẹ́ ẹní sí, ìwọ àti ìyàwó rẹ, títí ìyàwó Tísà yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé ti mọ́."

"Èmi kẹ̀?" ìyàwó Máfòyà ké. "Kábíyèsí, èmi ò fi orí búra o!"

Máfòyà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àkàbà kí ilẹ̀ tó ṣú!"

"Àkàbà? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Kábíyèsí dìde, ó ń lọ jẹun. "Ṣebí iṣẹ́ ti parí."