Ẹni Tó Ń Sín Mi Jẹ Nínú Kùrukùru

Àárọ̀ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí di ọjọ́ alẹ́, àárọ̀ tí mo fẹsẹ̀ lásán sáré ní páàkì Valence lókè òkun bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Mofẹ́, ọmọbìnrin mi, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká ṣe sùúrù. Wòlíì wa ní tiẹ̀ ní kí n wọ sùtánà funfun, kí n bọ́ bàtà, kí n gbé ọmọ lọ sí gbangba, kí n gbàdúrà fún àárọ̀ méje. Ìyá tó ń wá ohùn ọmọ, ṣé á máa bèèrè bóyá òtútù mú?

Lọ́jọ́ kẹta, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. N kò rí ilé kankan mọ́, ẹyẹ pàápàá ò dún. Mo fi Mofẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi, mo rìn síwájú díẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń kígbe àdúrà. Lọ́ọ̀ọ́kán, nínú kùrukùru, ẹnìkan náà gbé ọwọ́ sókè.

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó sọ tiẹ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo yí sọ́tùn-ún, ó yí. N kò rí ojú rẹ̀.

Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Èmi tí mo máa ń pàṣẹ fún àjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ju ìgò omi àdúrà nù, mo ká sùtánà sókè, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mo ti ń sún mọ́ géètì nígbà tí ohùn kan pè mí látẹ̀yìn, ohùn tín-ín-rín tí n kò gbọ́ rí: "Mọ́mì."

Mo tún ki eré mọ́lẹ̀. Ó tún pè: "Mọ́mì." Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé kẹ̀kẹ́ ọmọ ò sí níbẹ̀.

Mofẹ́ ló ń pè mí. Mo padà pẹ̀lú ìtìjú. Ìyá àgbà ará Ṣáínà kan tó ń gbé ládùúgbò wa ló di kẹ̀kẹ́ náà mú. Àárọ̀ àárọ̀ ló máa ń ṣe eré ìmárale jẹ́jẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Aṣọ ọ̀fọ̀ ni funfun nílùú wa. Mo rò pé òkú ló dìde, tó tún ń sín mi jẹ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dá eré ìmárale mi dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ ń nawọ́ sí lókè?"

"Ọ̀run ni mò ń kí. Àwọn àgbà wa gbà pé ọ̀kan ni ọ̀run àti èèyàn, èémí kan náà ló ń gba inú àwọn méjèèjì. Ìwọ ń pariwo sí i bí ẹni pé ó jìnnà."

Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, mo sì fo ibi tí mo ti sá fi ọmọ sílẹ̀. Mo ti ń retí kí ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ wá la ẹnu ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ojo tèmi yìí ló máa lò.

Ní báyìí, ẹnu Mofẹ́ kì í sinmi. Bí a bá ti ń kọjá níwájú páàkì, á ní, "Mọ́mì, ẹ má sá o." Màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá wà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dì mú.