Téèpù Tí Gbogbo Àgbáyé Fọwọ́ Sí

Yàrá kan péré ni ilé ìránṣọ náà. Maṣíìnì méjì wà níbẹ̀, tábìlì ìgéṣọ kan wà níbẹ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ọgbọ̀n ègé aṣọ funfun sì wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn. Ní igun, níwájú kọ̀ǹpútà, ọmọ ẹ̀gbọ́n aránṣọ jókòó. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, gbogbo ẹbí sì ń pè é ní Alámọ̀tán, torí kò sí ohun téèyàn béèrè tí kì í dáhùn, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ òsì di ìbàdí ṣòkòtò tuntun tó wọ̀ mú ṣinṣin.

ÀǸTÍ: (Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, téèpù tuntun wà lọ́rùn rẹ̀.) Alámọ̀tán, ìwọ̀n àwọn nọ́ọ̀sì mi dà?

ALÁMỌ̀TÁN: Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́ ná.

ÀǸTÍ: O kú iṣẹ́. Ìwọ̀n àwọn nọ́ọ̀sì mi dà?

ALÁMỌ̀TÁN: Ẹ ò rí i bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń sáré? Kí n tó fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí, téèyàn bá tàn án, á lọ wẹ̀, á jẹun, á padà wá bá a níbi tó ti ń ronú. Bí iṣẹ́ bá sì wọ̀ yín lára, á ní kẹ́ ẹ dúró, òun fẹ́ tún ara òun ṣe. Kí ló ń tún ṣe? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo ti yọ ọ́ dànù.

ÀǸTÍ: O yọ kí ni dànù?

ALÁMỌ̀TÁN: Ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Òun ni ọ̀gá gbogbo ètò tó kù. Èyí tí wọ́n ń tà ni tiyín. Mo ti fi èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀.

ÀǸTÍ: Ta ló rán ọ?

ALÁMỌ̀TÁN: Ìfẹ́ ni, Àǹtí.

ÀǸTÍ: Kí ìfẹ́ wá bá mi gé aṣọ nígbà náà. Ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì ni mo gba ìwọ̀n wọn lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti túká lọ sílé, ó di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa búra kí n tó tún rí wọn. Ọ̀gá wọn ní bí yunifọ́ọ̀mù ò bá délẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òun ò tún ní gbé iṣẹ́ wá síbí mọ́ láyé, aránṣọ òdìkejì lòun á máa gbé e fún.

ALÁMỌ̀TÁN: Èyí tó rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sápá òsì?

ÀǸTÍ: Òun náà ni. Wọ́n á gbé e fún un, á sì gbà á. Bí mi ò bá gé aṣọ lónìí, mi ò lè bá a. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ yìí. Ìwọ̀n wọn dà?

ALÁMỌ̀TÁN: Ẹ fọkàn balẹ̀. Fáìlì yín ò sọnù. Ó wà níbí, mo ń wò ó lójú báyìí.

ÀǸTÍ: Ṣí i.

ALÁMỌ̀TÁN: Kò ṣeé ṣí.

ÀǸTÍ: O ní ò ń wò ó.

ALÁMỌ̀TÁN: Ìta rẹ̀ ni mò ń wò. Ètò tẹ́ ẹ fi kọ ìwọ̀n sílẹ̀, abẹ́ ọ̀gá tí mo yọ yẹn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo lé ọ̀gá, ọmọọṣẹ́ bá tẹ̀lé e.

ÀǸTÍ: O sì mọ̀ pé ọmọọṣẹ́ máa tẹ̀lé e?

ALÁMỌ̀TÁN: Ìgbà tó tẹ̀lé e tán ni mo mọ̀.

(Ó dìde, torí kò lè fi ìjókòó ṣàlàyé nǹkan ńlá. Ṣòkòtò yọ̀. Ó tètè fà á sókè.)

ALÁMỌ̀TÁN: Ẹ gbọ́ mi, Àǹtí. Ẹ̀bi mi kọ́. Ẹ̀bi àwọn tó ta ètò yẹn fún yín ni. Fáìlì tó jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ló lè ṣí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ta ló ni ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ọwọ́ wọn. Ẹ kó ẹrù yín sílé onílé, onílé mú kọ́kọ́rọ́ lọ!

ÀǸTÍ: Onílé ò lọ síbì kan. Ìwọ lo wó ilé.

ALÁMỌ̀TÁN: Ìdí tí mo fi ń pariwo ìlànà tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn! Kí gbogbo ayé jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n gbé ìlànà náà síta, kí ètò ẹnikẹ́ni lè ka fáìlì ẹnikẹ́ni. Bí téèpù tí mo rà fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wò ó lọ́rùn yín. Íńṣì rẹ̀, íńṣì níbi gbogbo ni. Gbogbo àgbáyé ló fọwọ́ sí i. Ẹ fi wé ògbólógbòó tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, tí áyọ́ọ̀nù ti jẹ lórí. Ìtìjú gbáà ni.

ÀǸTÍ: Ọdún mọ́kànlá ló fi bá mi ṣiṣẹ́. Kò dójú tì mí rí.

ALÁMỌ̀TÁN: Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ fáwọn ọ̀gá wa lọ́fíìsì nìyẹn ní aago méjìlá òní. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n ń rà kúrò nínú gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Orí ìdúró ni màá ti sọ ọ́, níwájú gbogbo wọn. Ìdí tí mo ṣe wọ ṣòkòtò tẹ́ ẹ rán fún mi rèé.

ÀǸTÍ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo èyí ọ̀fẹ́ yìí, ṣé ẹnu tiyín kò?

ALÁMỌ̀TÁN: (Ó wúkọ́.) Ẹ̀yà rẹ̀ tó ọ̀ọ́dúnrún.

ÀǸTÍ: Ọ̀ọ́dúnrún!

ALÁMỌ̀TÁN: Ẹni tí èyí tó ń lò bá bí nínú, á gbé e, á tún un ṣe, á sọ ọ́ lórúkọ míì. Òmìnira nìyẹn.

ÀǸTÍ: Ìjà ogún nìyẹn. Èwo lo wá gbé fún èmi?

ALÁMỌ̀TÁN: Ojúlówó ni mo gbé fún yín. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi ń lò, ti ọmọ ọwọ́ ni.

ÀǸTÍ: Ọ̀rẹ́ ẹ tó máa ń bá ọ wá jẹun níbí? Ó mà ti pẹ́ tí mo rí i o.

ALÁMỌ̀TÁN: A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

ÀǸTÍ: Háà! Obìnrin ni àbí kí ni?

ALÁMỌ̀TÁN: Ó burú ju ìyẹn lọ. Ètò tí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó ní ti òun dáa jù ú lọ. Ó sọ ọ́ níwájú èèyàn.

ÀǸTÍ: (Ó wò ó títí.) Ohun tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀wé.

ALÁMỌ̀TÁN: Ọdún kẹta rèé.

ÀǸTÍ: Mo máa bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀. Jókòó, ṣí fáìlì mi.

(Ó jókòó. Ó fi ìka ọwọ́ kan tẹ bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kejì ò kúrò ní ìbàdí. Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà kún fún àmì wẹẹrẹwẹ, bí ibi tí adìẹ ti ha ilẹ̀.)

ALÁMỌ̀TÁN: Ó ti ṣí! Tipátipá ni mo fi ṣí i! Àǹtí, ẹ wá wò ó!

ÀǸTÍ: Kí lèyí?

ALÁMỌ̀TÁN: Inú fáìlì yín nìyẹn. Orúkọ wọn ti bà jẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ wo àárín ìdọ̀tí yìí. Ogójì, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nọ́ńbà ni! A ò kàn mọ ẹni tó ni ín ni.

ÀǸTÍ: Tún un kà.

ALÁMỌ̀TÁN: Àyà ogójì, ìbàdí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìdí mẹ́rìndínláàádọ́ta.

ÀǸTÍ: Nọ́ọ̀sì tó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Òun nìyẹn. Kà lọ.

ALÁMỌ̀TÁN: Mẹ́rìndínlógójì, méjìdínlọ́gbọ̀n, ogójì, gígùn méjìdínláàádọ́ta?

ÀǸTÍ: Ọmọ gíga tó ń tẹrí ba kó tó wọlé níbí. Ó ní kí orúnkún òun má ṣe hàn. Kà lọ.

ALÁMỌ̀TÁN: Ìwọ̀n lẹ fi ń dá wọn mọ̀?

ÀǸTÍ: Ìwọ ń fi ojú mọ èèyàn. Ẹ̀yìn wọn lèmi ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kà lọ, jọ̀ọ́.

(Bó ṣe ń kà á ni Àǹtí ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára aṣọ, nọ́ọ̀sì kan, ègé kan, títí ọgbọ̀n fi pé. Ara rẹ̀ ti yá gágá. Ó tẹ́ ègé àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó na téèpù tuntun lé e lórí, ó la ẹnu sísọ́ọ̀sì. Nígbà náà ló ṣèèṣì gbójú sókè.)

ÀǸTÍ: Dákun, kí ni ṣòkòtò yẹn ṣe fún ọ tó ò fi lè jọ̀wọ́ ẹ̀ látàárọ̀?

ALÁMỌ̀TÁN: Kò ṣe nǹkan kan. Ó dùn mọ́ mi láti máa dì í mú.

ÀǸTÍ: Ó tóbi.

ALÁMỌ̀TÁN: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ rán an, ó bá mi mu.

ÀǸTÍ: O ti rù ni. Oúnjẹ ò wọ inú ẹ mọ́, kọ̀ǹpútà lò ń jẹ. Dìde kí n wọ̀n ọ́. (Ó fi téèpù tuntun yí i ká.) Ìbàdí, méjìlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo kọ fún ọ lọ́dún tó kọjá. Íńṣì méjì ti lọ. Itan, mẹ́tàlélógún. Íńṣì méjì ti lọ níbẹ̀ náà! Ṣé o ti lọ rí dókítà?

ALÁMỌ̀TÁN: Iṣẹ́ ló pọ̀, Àǹtí.

ÀǸTÍ: (Ó kúnlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé kókósẹ̀.) Gígùn, ogójì. Mo kọ méjìlélógójì. Alámọ̀tán.

ALÁMỌ̀TÁN: Mà.

ÀǸTÍ: Mo ti rí ẹni tí ebi mú kí itan rẹ̀ rù. Mi ò tíì rí ẹni tí ebi mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

ALÁMỌ̀TÁN: Bóyá ọjọ́ orí ni.

ÀǸTÍ: Ọjọ́ orí wo? Bàbá ẹ ga títí ó fi kú. (Ó sáré wọn apá rẹ̀, ó wọn èjìká rẹ̀, ó ju téèpù padà sọ́rùn bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.) Íńṣì méjì níbí, íńṣì méjì lọ́hùn-ún! Kì í ṣe ìwọ lo dín. Téèpù ni!

ALÁMỌ̀TÁN: Téèpù yìí? Gbogbo àgbáyé ló...

ÀǸTÍ: Ògbólógbòó ni mò ń sọ! Íńṣì méjì àkọ́kọ́ ni áyọ́ọ̀nù jẹ. Orí nọ́ńbà méjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń pè é. Mo fi í wọ̀n, mo fi í gé, irọ́ bá irọ́ mu, aṣọ bá ara mu. Ọdún mọ́kànlá! Mo tiẹ̀ ti gbàgbé pé ó ń purọ́. Ṣòkòtò ẹ ni aṣọ àkọ́kọ́ tí mo fi téèpù tuntun gé.

ALÁMỌ̀TÁN: Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́?

ÀǸTÍ: Ògbólógbòó ni mo fi wọ̀n wọ́n! Ọpẹ́lọpẹ́ ìbàdí ẹ. Ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì ì bá máa fi ọwọ́ kan gún èèyàn ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n máa fi èkejì di aṣọ mú.

ALÁMỌ̀TÁN: (Inú rẹ̀ dùn, ó ti rí ẹ̀bi ẹlòmíì.) Ẹ rí i! Ẹ̀yin náà, àtìpa ni ìlànà yín! Ìwọ̀n tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè kà á!

ÀǸTÍ: Ta ló tún fẹ́ kà á?

ALÁMỌ̀TÁN: Kò le. Màá kọ ètò kékeré kan, á yọ méjì-méjì kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà yìí. Wákàtí mẹ́ta, ó ti parí.

ÀǸTÍ: Wákàtí mẹ́ta láti yọ méjì? Gbé ògbólógbòó téèpù mi fún mi. Ibo lo gbé e sí lọ́jọ́ tó o gbé tuntun wá?

ALÁMỌ̀TÁN: (Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.) Kó má baà ṣòfò ni... mo fi di àwọn wáyà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

(Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó rí orí téèpù, ó dì í mú, ó fà á. Téèpù jáde. Gbogbo wáyà bá a jáde. Kọ̀ǹpútà ṣe “pìì” lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.)

ALÁMỌ̀TÁN: Yéè! Àǹtí! Mi ò tíì fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀!

(Ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, bí ẹni tí ilé jó. Ṣòkòtò ò dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́. Ó balẹ̀ sí kókósẹ̀ rẹ̀.)

ÀǸTÍ: (Kò wo ẹ̀yìn. Ó ti na ògbólógbòó téèpù lé aṣọ, sísọ́ọ̀sì ti ń jẹ ẹ́ lọ ṣáṣá.) Nọ́ńbà mi wà lára aṣọ, kò bá iná lọ. (Ó wá bojú wẹ̀yìn.) O ní kí nǹkan ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Tilẹ̀kùn o.

ALÁMỌ̀TÁN: (Ó ń fa ṣòkòtò sókè, ó ń wo aago.) Aago mọ́kànlá ààbọ̀! Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á wọlé díẹ̀.

ÀǸTÍ: Ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì ló wà níwájú ẹ.

ALÁMỌ̀TÁN: Bẹ́líìtì ńkọ́?

ÀǸTÍ: Mi ò ní.

ALÁMỌ̀TÁN: Okùn lásán nígbà náà! Àǹtí mi dáadáa, tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ṣàlàyé. Kí ni kí n fi dì í níwájú àwọn ọ̀gá mi?

(Àǹtí bọ́ téèpù tuntun kúrò lọ́rùn, ó nà án sí i, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.)

ÀǸTÍ: Fi èyí dì í. Gbogbo àgbáyé ló fọwọ́ sí i.