Ọmọ Àyálò Níwájú Nọ́ọ̀sì

Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti dé sí ilé ìwòsàn àdúgbò láti yẹ ọkàn àti ìwà àwọn ọmọ kéékèèké wò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹlẹ́nu kan tí kò níṣẹ́ ṣe wá lọ sọ fún Aránṣọ pé ọmọ tí wọ́n bá rí àléébù lára ẹ̀, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ò ní gbà á. Àyà Aránṣọ já, torí ọmọ tiẹ̀, Rúkèrúdò ni gbogbo ilé ń pè é. Kí ló wá ṣe? Ó gbé Rúkèrúdò ti ìyá ọkọ ẹ̀, ó sì lọ yá ọmọbìnrin Bíríkìlà tó wà ní yàrá kejì, ọmọ tó dákẹ́ bí omi inú àmù.

Ẹ wá wo Aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà jókòó tì í, ọwọ́ lórí itan. Nọ́ọ̀sì da ohun ìṣeré sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ọmọ ò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

"Màmá, ṣé ó máa ń sunkún?"

"Ẹkún kẹ̀? Ọjọ́ tí ìka ẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kàn ń wò ó ni."

Gègé ìkọ̀wé dúró lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. "Kò sunkún rárá?"

"Rárá o! Ẹ̀kọ́ ilé ni."

"Ó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré?"

"Eré kẹ̀? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí látàárọ̀. Èèyàn á gbàgbé pé ó wà nílé."

Nọ́ọ̀sì fajú ro. Aránṣọ rí i, ó rò pé ìyìn òun ni ò tíì tó, ló bá fi kún un.

"Oúnjẹ ńkọ́? Kì í béèrè! Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, ó parí náà nìyẹn."

"Ó ń sọ̀rọ̀?"

"Àfi tí wọ́n bá bi í. Tí wọ́n bá sì bi í, kò ní dáhùn. Ọmọlúàbí gidi!"

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Tẹ́rù bá bà á, ta ló máa ń sá lọ bá?"

Aránṣọ ò múra fún ìyẹn. Ó wo ọmọ náà, ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀rù… ẹ̀rù kì í bà á. Akọni ni."

"Màmá, ẹ má bínú. Ìbànújẹ́ wà lọ́kàn ọmọ yín. A ní láti tọ́jú ẹ̀."

Aránṣọ fò dìde. "Yéè! Kì í ṣe ọmọ mi!"

"Bí gbogbo ìyá ṣe ń sọ nìyẹn, tọ́rọ̀ bá ti dójú ẹ̀."

"Mo yá a ni!"

"Tó bá dáa, ọmọ yín ni. Tó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ yá a?"

"Ọmọ Bíríkìlà ni! Ẹ bi òun fúnra ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì bi í. Ọmọ dákẹ́ lọ gbári.

"Ìwọ ọmọ yìí! Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ lónìí nìkan!"

"Tiyín wá dà, Màmá?"

"Tèmi ò ṣeé gbé wá síta. Ó bu omi kún bàtà lánlọ́ọ̀dù, ó lóun ń sin ẹja. Ó fi àlùmọ́gàjí mi gé irun ìyá ọkọ mi lójú oorun. Tí mo bá nà án, á ké títí àdúgbò á fi yọjú, kí n tó jókòó, á tún ti gun itan mi, á ní kí n pàlọ́ fóun. Nọ́ọ̀sì, ó ti sú mi! Wọ́n sì ní ilé-ìwé ò ní gba ọmọ tẹ́ ẹ bá rí àléébù lára ẹ̀."

Ohùn tín-ín-rín kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Èmi ni mo bá a bu omi ẹja."

Aránṣọ yíjú sí i. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Nọ́ọ̀sì," Aránṣọ ní, ohùn ẹ̀ ti rọ̀, "látìgbà tí ìyá ọmọ yìí ti kú, n ò gbóhùn ẹ̀ rí. Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Mo tiẹ̀ ń fi ṣàpẹẹrẹ fún tèmi." Ojú tì í, àánú ọmọ náà sì ṣe é débi pé ó fà á mọ́ra.

"Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, Màmá. Èyí tí ò ṣípá, ìyìn la máa ń fún un. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ tiyín, ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Kò sì sílé-ìwé tó ń torí èyí lé ọmọ. Ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì jọ máa ṣeré. Àmọ́ kí bàbá ọmọbìnrin yìí bá a wá lọ́la, mo ní ìbéèrè tó jẹ́ òun nìkan ló lè dáhùn."

"Bíríkìlà? Háà! Látìgbà tíyàwó ẹ̀ ti kú, òun náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Yóò kàn jókòó síwájú yín bí bíríkì ni."

Aránṣọ họrí. Ó ronú díẹ̀. Ojú ẹ̀ wá tàn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣèyọnu. Mo mọ bàbá kan ládùúgbò wa tẹ́nu ẹ̀ mú dáadáa. Ẹ jẹ́ n lọ bá yín yá a."