Bí Tọ́bò Ṣe Se Bàbá Àfẹ́sọ́nà Rẹ̀

Ẹ̀bi mi kọ́. Mẹkáníìkì ni mí. Ọkọ̀ ni mo ní kó tọ́jú, n ò ní kó se àgbàlagbà.

Ọ̀rẹ́ mi ló ra ọkọ̀ tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ki atẹ́gùn bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu kó lè sá eré àsápajúdé. Látìgbà náà, Tọ́bò ni gbogbo àdúgbò ń pe òun fúnra rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà máa ń gbóná bí nǹkan míì.

Mo sọ fún un pé, "Rédíétọ̀ rẹ ti dí. Kí n tó rí òmíràn bá ẹ wá, tó bá ti ń gbóná, tan hítà. Á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá sínú ọkọ̀. Ìwọ á làágùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní jó."

Ṣé mo ní kó gbé èèyàn ni?

Nígbà tó di Sátidé, bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ní kó wá gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àwọn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí. Wọ́n ní táwọn bá ti débẹ̀ làwọn máa sọ bóyá àwọn á fún un lọ́mọ àwọn àbí àwọn ò ní fún un. Tọ́bò bẹ̀ mí pé kí n jókòó sẹ́yìn, kí n máa sọ̀rọ̀ òun dáadáa.

Bàbá jáde. Kóòtù dúdú, wẹ́síkóòtì, táì, ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún.

Ọ̀sán gangan.

A ò tíì rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tọ́bò wò mí nínú dígí. Mo mirí pé rárá. Ó tan hítà.

Fùùùùù!

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ooru ni nǹkan yìí ń fẹ́?"

"Ó máa tó tutù, sà."

"Ṣí fèrèsé."

"Eruku á ba kóòtù yín jẹ́, sà."

Irọ́ ni. Wáyà fèrèsé ti jó látàná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàtà ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bàbá tú táì. Wọ́n bọ́ kóòtù. Wọ́n bọ́ wẹ́síkóòtì. Àgbà tí ọmọ ilé-ìwé kankan ò rí ọrùn wọn rí fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lójú mi. Mo yáa gbójú sókè, mò ń wo òrùlé ọkọ̀.

Mo ní, "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Tọ́bò o, sà."

Bàbá ní, "Ẹ gbé mi lọ sọ́sibítù. Ibà ti kọlù mí."

Níbi tó yẹ kó ti jẹ́wọ́, Tọ́bò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló bá ki eré mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń sáré sí i ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná sí i, bí ẹ́ńjìnnì sì ṣe ń gbóná sí i ni hítà ń fẹ́ ooru lù wá.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan iwájú orí bàbá, ó yára fà á padà. Ó lọ bá wọn mú kóòtù nínú ọkọ̀. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

Ó padà wọlé, ó ní, "Bàbá, ibà kọ́ o. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ jinná ni."

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ rẹ́rìn-ín?

Tọ́bò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó jẹ́wọ́ hítà, ó jẹ́wọ́ fèrèsé, ó sì ní èmi ni mo kọ́ òun. Ẹ ò rí ọ̀dàlẹ̀.

Bàbá jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tàwẹ́lì tútù lórí. Wọ́n yíjú sí Tọ́bò.

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ṣé ó jó?"

"Kò jó, sà."

"Kò tiẹ̀ sí nǹkan tó ṣe é?"

"Kò sí, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mo ti gbà. Ẹni tó lè se èmi láàyè kí ohun ìní rẹ̀ má baà bàjẹ́, ìyà ò lè jẹ ọmọ mi lọ́dọ̀ ẹ̀."

Inú Tọ́bò dùn, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kí n gbé yín délé."

Ìgbà tó fi máa gbórí sókè, bàbá ti kọjá géètì, ẹsẹ̀ lásán, ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń sáré lọ sílé.

Mo mọ̀, torí èmi ni mo ń sáré níwájú wọn.