Àga Tí Mo Yàn fún Yàrá Onídígí

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí bàbá àfẹ́sọ́nà mi ti Iléṣà wá jókòó sórí àga tí èmi fúnra mi yàn. Bí mo bá ti rántí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, mo ní láti gbé òkèlè sílẹ̀ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara mi tán.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Iná mànàmáná kò tí ì dé àdúgbò wa, oòrùn ni àtùpà mi. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ yàrá kan mọ́ ẹ̀yìn ilé, tí mo fi dígí ṣe ògiri rẹ̀ méjì àti apá kan òrùlé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé fàlàlà. Mo fẹ́ràn yàrá náà ju bó ti yẹ lọ. Láàárọ̀, kùrukùru á ti odò gòkè wá, á fi ara ti dígí, gbogbo yàrá á funfun, n kò sì ní mọ̀ bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn. Nígbà tó bá yá, oòrùn á yọ, omi á máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára dígí, èmi á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín rẹ̀, oníbàárà á kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kí n tó gbọ́.

Ohun tí mo ń rò níbẹ̀ kò ju Morẹ́nikẹ́ lọ. Ọmọ Iléṣà ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó wá ya fọ́tò lọ́jọ́ kan, mo wọ abẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà láti wò ó, mo sì gbàgbé láti jáde. Ó dúró títí, ó ní, "Ẹ̀yin oní-fọ́tò, ṣé ẹ ti sùn ni?" Mi ò sùn o. Mo ti ń rí i pé ó jókòó nínú yàrá onídígí mi, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí oníbàárà.

Bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí àlá náà rìn jìnnà. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìmẹ̀sí-Ilé, ilé rẹ̀ sì wà nínú Iléṣà. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi dá mi lóhùn. Ahọ́n mi kò gbé e, ẹ jẹ́ kí n fi ti Òṣogbo sọ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ń gbin kòkó, mo ń rí kòkó. Ìwọ ń mú òjìji èèyàn, o ń tà á fún wọn padà. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. N ó wá wo ibi tí o ti ń ṣe é. Ìwọ náà á ya tèmi. Bí mo bá jókòó níbẹ̀ tí ara mi balẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí ara mi kò bá balẹ̀, má tún tọ ọ̀nà Iléṣà mọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: bí òun bá jókòó. Nígbà tí mo dé ilé tí mo wo inú yàrá onídígí mi, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú. Àga ni yóò sọ mí di ọkọ Morẹ́nikẹ́. Àga náà ni yóò sì sọ mí di àpọ́n.

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé yàrá náà kò bá àga ṣe ọ̀rẹ́. Bí oòrùn bá ràn, inú rẹ̀ á gbóná kọjá sísọ. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀rinrin odò á wọlé, kò sì ní jáde. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni yóò làágùn lọ́sàn-án, tí yóò sì tutù nini lálẹ́. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lá àlá kì í wo òrùlé.

Àga àkọ́kọ́, àga òyìnbó ni. Ọ̀gá kan tó ń padà sílùú rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta fún gbàǹjo lápá ilé iṣẹ́ rélùwéè, mo rí àga onítìmùtìmù kan níbẹ̀ tí wọ́n fi àrán pupa bò, ojú mi kò sì rí ohun mìíràn mọ́. Mo gbé e wálé. Mo jókòó sí i, ó gbé mi mì dé èjìká, mo sì rò ó pé bí ọlá ti í ṣe nìyẹn. Kí ìgbà òjò tó dé ìdajì, àrán pupa náà ti hu irun funfun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, irun náà tún hù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òbúkọ tí òjò pa. Mo gbé e síta kí oòrùn lè bá mi ṣe é, adìyẹ aládùúgbò mi gorí rẹ̀, ó yé ẹyin sí i, ó sì sàba lé e. Nígbà tí mo fẹ́ gbé àga mi wọlé, ìyá àgbà tó ni adìyẹ ní kí n má ṣe ìkà, kí n jẹ́ kí abiyamọ pamọ. Bí àga àkọ́kọ́ ṣe di ilé adìyẹ nìyẹn.

Mo ní irin ló dára, irin kì í hu irun. Mo ra àga onírin tí wọ́n kùn ní funfun, tó ní òdòdó irin lẹ́yìn àti níbi ìjókòó. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó sí i fò dìde kí n tó wọ abẹ́ aṣọ, ó ní ṣé mo ń dín òun ni. Oòrùn ti yan irin náà látàárọ̀. Mo dúró kí àwọsánmà ṣú kí n tó tún lò ó. Àwọsánmà ṣú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti jẹ ọ̀dà rẹ̀, àga náà ti dógùn-ún lábẹ́lẹ̀, ìyá kan tó wọ aṣọ funfun láti ìsàlẹ̀ dókè sì dìde lórí rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó pupa ràkọ̀ràkọ̀ ní ìdí. Kò mọ̀. Èmi ni mo rí i. Mo rò ó bóyá kí n dákẹ́, ojú ìjà sì ti ń hàn lójú ìyá náà tẹ́lẹ̀. Mo dákẹ́. Ó dé ọjà kí wọ́n tó sọ fún un, ó sì padà wá bá mi. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra àga pàǹkẹ́rẹ́, pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀, kì í gbóná, kì í sì í dógùn-ún. Mo lọ wò ó lóòótọ́. Ó rọrùn lọ́wọ́, ó sì wuyì. Ṣùgbọ́n pàǹkẹ́rẹ́ ni tíṣà wa fi nà wá títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti jókòó sí i, ìdí mi rántí. Mo ní kò ṣeé ṣe, èmi kò lè fi ìdí mi lé ohun tó ti bá ìdí mi jà rí. Ká ní mo ra àga náà, n kì bá tí ní ìtàn kankan sọ fún yín lónìí.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni mo wá lọ. Mo ní kó bá mi ṣe àga àgbà, igi tó dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tí apá rẹ̀ ká kọrọdọ. Káfíńtà náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, gúlú ni òun yóò fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ojú ìṣó má ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun yóò kùn ún ní fánìṣì léraléra títí èèyàn á fi máa rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Àga yìí, ẹni tó bá jókòó sí i kò ní fẹ́ dìde mọ́."

Ẹ rántí pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà kò parọ́ rárá.

Àga náà dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tí Bàbá ń bọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùru bo gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, a kò rí igi tó wà lẹ́yìn odò. Mo gbé àga sí àárín yàrá, ìmọ́lẹ̀ funfun bà lé e, ó ń dán yinrinyinrin, ẹnu mi sì là. Mo fi ìka kàn án. Ó lẹ̀ díẹ̀. Mo ní ẹwà ni.

Bàbá sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì Iléṣà pẹ̀lú agbádá sányán, bàtà dúdú tó ń dán, àti fìlà tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Morẹ́nikẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá ní kí n dìde. Ó wọ yàrá onídígí, ó wo òkè, ó wo ọ̀tún àti òsì. Morẹ́nikẹ́ lọ bu omi wá. Bàbá jókòó.

Gbogbo wa mọ bí àgbà ti í ya fọ́tò. Ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ ya díẹ̀ kí bàtà lè hàn, ojú síwájú gan-an, kò sí ẹ̀rín. Bàbá ṣe é bó ti yẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì o, àfi bí mo bá ní kí ẹ mì." Ó ní òun gbọ́. Mo bo aṣọ dúdú mọ́rí.

Nínú kámẹ́rà àtijọ́, orí èèyàn ní í wà nísàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ á wà lókè. Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ́, ojú rẹ̀ a ti mọ́ ọn lára. Mo wo Bàbá nínú dígí kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ yí i ká, sányán rẹ̀ ń tàn, mo sì ń wò ó pé báyìí ni èmi náà yóò ṣe jókòó lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí Morẹ́nikẹ́ bí fún mi. Mo wá rí i tí Bàbá ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ojú rẹ̀ kò yí padà, ó ń gòkè lọ. Orí mi wú. Mo ní àga yìí mà gbé àgbà ga o!

Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni "gbì."

Mo ṣí aṣọ. Ọ̀rinrin ti yọ́ gúlú, ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ya sí ọ̀nà mẹ́rin, Bàbá sì ti bá a dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí orúnkún, ojú rẹ̀ ṣì wà síwájú gan-an. Mo ti ní kó má mì, mi ò sì tí ì ní kó mì.

Kí ni èmi ṣe? Ẹlòmíràn á sáré lọ gbé e dìde. Ṣùgbọ́n àna mi wà nílẹ̀, èmi sì dúró lókè orí rẹ̀. Wọn kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹni tó bá sì dọ̀bálẹ̀ fún àna, àfi kí àna ní kó dìde.

Bàbá ń retí kí n ní kí òun mì. Èmi ń retí kó ní kí n dìde. Òun kò lè yọ ẹnu kó ní kí n dìde, torí bó bá sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á mì. Èmi náà kò lè máa pàṣẹ fún àgbà láti orí ilẹ̀. Mo ń gbọ́ omi tó ń kán lára dígí. Kùrukùru ti ń ká lójú odò, oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó yọ́ bà wá lára àwa méjèèjì. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán, Morẹ́nikẹ́ ti lọ, ọ̀nà Iléṣà ti dí. Ó dùn mí dé egungun. Síbẹ̀ n kò lè gbé orí.

Morẹ́nikẹ́ ló gbé omi wọlé. Ó dúró, ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ó gbé igbá omi kalẹ̀ kó má baà dà, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lè ní kí ẹ mì!"

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ̀rọ̀: "Dìde."

Mo ní, "Ẹ mì, Bàbá."

Ó mì. Ó dìde, ìjókòó àga náà sì bá a dìde. Fánìṣì ti di sányán mú. Morẹ́nikẹ́ fa pákó náà, mo di Bàbá mú, ó já lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, ó sì bù nínú sányán náà lọ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bàbá yẹ ojú ihò náà wò, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun. Ó jókòó sórí ẹní, èmi sì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń dúró de ìdájọ́.

Ó ní, "Àga rẹ kò dára. Mo ní kò dára rárá. Iṣẹ́ rẹ, mi ò tí ì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilẹ̀, ìwọ náà wá sílẹ̀. Mo ti ní àna mìíràn tí àga rẹ̀ le bí òkúta, tí ì bá dúró lé mi lórí kó máa bi mí pé kí ló dé." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé èyí ni o fẹ́?"

Ẹ̀rín ṣì wà lọ́fun Morẹ́nikẹ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ẹní náà ni mo ti ya fọ́tò Bàbá.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi àga sí ibi tí oòrùn àti ọ̀rinrin jọ ń gbé, ẹ má fi ojú yan àga. Ìdí ni kí ẹ fi yàn án, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ àti lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, kí ẹ tó pe àna yín.

Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni mo wá rí àga tó dára rà, ó sì pẹ́ títí kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n títí Bàbá fi kú, kò jókòó sórí àga kankan mọ́ nílé mi. Bó bá ti wọlé, ilẹ̀ ní í jókòó sí, tinútinú, pẹ̀lú ẹ̀rín lábẹ́ irùngbọ̀n. Èmi náà kò sì lè jókòó sórí àga nígbà tí àna mi wà nílẹ̀. Bí ó bá fi oṣù kan gbé ọ̀dọ̀ wa, oṣù kan ni mo fi ń jókòó sílẹ̀ nínú ilé ara mi, tí Morẹ́nikẹ́ á sì jókòó sórí àga mi tó dára, tí yóò máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.