Igi Àfọ̀n tí Olóyèdé Bẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà níjòókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà? Gbogbo yín lẹ ń pa òwe náà. Kò sẹ́ni tó béèrè rí irú igi wo ni. Igi àfọ̀n ni. Olóyèdé ló bẹ́ ẹ, àáké rẹ̀ ò sì mú.

Olóyèdé kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olè. Ọlọ́gbọ́n ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yá ẹgbàafà owó ẹyọ lọ́wọ́ Bámgbàlà láti fi sin ìyá rẹ̀, ó sì fi oko obì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ dúró. Èlé rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀ta lóṣooṣù.

Láyé ìgbà náà, àwọn olówó èlé máa ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí adìyẹ ṣe ń du ọkà. Kálukú ló ní èéfọ́ igbá tí wọ́n fi iná kọ àmì sí, wọn a sì rán èèyàn lọ sí oríta láti pín in; ẹni tó bá gbà á ti di oníbàárà wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọọṣẹ́ olówó èlé kan tó ń jẹ́ Ṣónibárẹ́ ń ké ní oríta pé:

"Ẹ gbé gbèsè yín kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń fi èlé pa yín! Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ Ṣónibárẹ́! Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ ò ní san èlé kankan!"

Olóyèdé gba èéfọ́ igbá kan. Ṣónibárẹ́ san owó Bámgbàlà, ó sì gba oko obì dúró. Olóyèdé délé, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, gbèsè wa ti kó lọ sílé tuntun. Wọn ò sì gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀."

"Fún oṣù mélòó, Bàbá Ìdòwú?"

"Mẹ́ta."

"Ká yáa máa san ẹgbàajì lóṣooṣù nígbà náà. Bí oṣù mẹ́ta bá fi pé, ó ti tán nìyẹn."

"Wò ó, wọ́n ní ká sinmi, ìwọ ní ká ṣiṣẹ́."

Ìṣirò Àwẹ̀ró ò ní àbùkù. Olóyèdé sinmi. Ó sinmi lóṣù kìíní, ó tún sinmi lóṣù kejì. Lóṣù kẹta, ó ra fìlà tí yóò máa dé sinmi. Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, èlé Ṣónibárẹ́ di ìlọ́po méjì ti Bámgbàlà. Ká má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ ní oríta lọ́jọ́ náà, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n kàn fi sọ ọ́.

Olóyèdé sáré kó obì ọdún yẹn tà. Ó yọ èlé kúrò, ó ka èyí tó kù. Ẹgbẹ̀fà péré ló kù kí ẹgbàafà pé. Ṣónibárẹ́ ránṣẹ́ sí i pé: "Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, kí owó mi pé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oko obì di tèmi. Mò ń rán ológò bọ̀."

Ológò ni ẹni tí wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè. Yóò jẹ ohun tó wù ú, yóò bú ẹni tó wù ú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lé e.

Olóyèdé tọ Ọ̀ṣúnlékè lọ, obìnrin olówó kan ní ìlú kejì. Obìnrin náà ní: "Ẹgbẹ̀fà? Ìyẹn ò tó nǹkan. Oníbàárà tuntun ni ọ́, oṣù mẹ́fà o ò ní san èlé. Ìránṣẹ́ mi yóò gbé e wá bá ọ lọ́jọ́ ọjà náà gan-an."

Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíì ì bá lọ sùn. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ọgbọ́n mìíràn sọ sí Olóyèdé lọ́kàn: bí ológò ò bá ráyè wọlé, ta ni yóò mọ̀ pé oòrùn ti wọ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ abúlé wọn. Ó gbé àáké.

Ó gé igi àfọ̀n kan létí ọ̀nà náà títí, igi ò wó. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ká ẹní sábẹ́ abíyá ń kọjá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n bá yín tì í?"

"Ẹ ṣeun gan-an, arákùnrin."

Wọ́n jọ tì í, igi wó, ó dí ọ̀nà bámúbámú. Ọkùnrin náà nu ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé Olóyèdé ńkọ́?"

"Èmi ni Olóyèdé."

"Háà, ẹ kú ilé o. Èmi ni ológò. Ṣé ẹ ní àkùkọ?"

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ológò ti jẹ àkùkọ méjì, ó sì ti bú fìlà Olóyèdé. Àwẹ̀ró ní kó máa lọ. Ológò ní, "Ìyàwó, ọ̀nà wo ni kí n gbà? Ọkọ yín ti dí i. Ẹnì kejì mi pàápàá ń bọ̀, ẹ gún iyán sílẹ̀ dè é."

Ẹnì kejì kẹ̀! Olóyèdé sáré padà lọ ṣọ́ igi rẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lódìkejì. Ewé pọ̀, kò rí ẹni tó ń bọ̀.

"Àgò onílé o!" ni ohùn kan wí.

"Kò sí àgò níbí! Padà!"

"Ta ló bẹ́ igi sọ́nà báyìí, bàbá?"

"Èmi ni! Ẹgbàafà ni mo yá, n ò san, mo sì ti bẹ́gi dínà! Lọ sọ fún ẹni tó rán ọ!"



"Ó dáa, bàbá. Ọ̀ṣúnlékè ló rán mi. Ẹgbẹ̀fà yín ni mo gbé wá. Màá jíṣẹ́ náà bí ẹ ṣe rán mi gẹ́lẹ́."

Kí Olóyèdé tó gun igi náà dé agbedeméjì, ọmọ ọlọ́mọ ti yà ní kọ̀rọ̀. Oòrùn wọ̀. Oko obì lọ. Ìránṣẹ́ náà sì jíṣẹ́ ní gbogbo oríta tí wọ́n ti ń pín èéfọ́ igbá, ẹgbẹ̀fà tó gbé padà nìkan ló fi kún un, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò: ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.