Kọ́kọ́rọ́ Ilé Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti onígbàjámọ̀ kan fún yín, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń kọ́lé ju bíríkìlà lọ. Bó bá ti gbé kílípà lé oníbàárà lórí báyìí, ó parí! Ilé mẹ́ta lòun ní, ọ̀kan pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Onílé-Mẹ́ta, ó sì ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó mú òun lọ wo ilé, èsì kan náà ni:

“Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.”

Yàrá kan ṣoṣo tí òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta há mọ́, tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ láti oṣù márùn-ún, ìyẹn ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyàwó ló gbọ́ pé káńsù ń jíròrò lórí ètò ìsúná. Owó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ran ayálégbé lọ́wọ́ kí wọ́n má baà sùn síta, àmọ́ àwọn kan fẹ́ yọ ọ́.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ti forúkọ mi sílẹ̀ fún owó náà lọ́dọ̀ akọ̀wé káńsù. Ìyá onílé ní tó bá dọjọ́ Ẹtì, òun á kó ẹrù wa síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ òótọ́!”

“Òótọ́ pọ́ńbélé ni màá sọ.”

Ó dé gbọ̀ngàn káńsù, máìkì kàn án. Àfi bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe pariwo láti ẹ̀yìn: “Onílé-Mẹ́ta!” Orí rẹ̀ wú. Ó gbé òótọ́ tó mú wá láti ilé mì.

“Èmi tí mo nílé mẹ́ta,” ó ní, “àánú ayálégbé ń ṣe mí!”

Alága káńsù fò dìde. “Ẹ ṣeun, bàbá! Ṣé ẹ lè yọ̀ǹda yàrá kan fún àwọn tí wọ́n bá lé síta?”

“Yàrá kan kẹ̀? Odindi ilé kan!”

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. Alága nu omijé. “Nígbà tá a ti ní irú onínúure báyìí, kí la tún ń fowó ayálégbé ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi tún gọ́tà ṣe! Ta ló fara mọ́ ọn?”

Gbogbo wọn nawọ́. Onílé-Mẹ́ta náà nawọ́ kó tó rántí pé owó ilé òun ló ń wọ gọ́tà lọ.

“Kí ni wọ́n sọ?” ìyàwó bi í nígbà tó délé.

“Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi,” ni gbogbo èsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó mọ́. Ó gẹ orí kan dé ìlàjì ni akọ̀wé káńsù wọlé.

“Bàbá onílé, ẹ kú inúure! Mo ti mú àwọn tó máa kọ́kọ́ gbélé yín wá. Ìyá ọmọ mẹ́ta ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ní ọkọ òun ti sá jáde láti àárọ̀.”

Mátírẹ́ẹ̀sì ló ṣáájú wọlé. Onílé-Mẹ́ta dá a mọ̀: òun ló da tíì sí igun rẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ pariwo “Dádì!”, ìyá wọn wò wọ́n lójú kan, wọ́n pa ẹnu mọ́. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ó ru ìkòkò.

“Kọ́kọ́rọ́ dà, bàbá?” akọ̀wé béèrè.

Ojú gbogbo oníbàárà wà lára rẹ̀. Kílípà ń kùn lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló jáde:

“Kọ́kọ́rọ́… ó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.”

“Kò burú. Ìyàwó yín ọ̀hún dà?”

Obìnrin náà rọra sọ ìkòkò kalẹ̀.

“Èmi rèé o. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n ṣí?”